Ọṣẹ àti Bílíìṣì: Èwo Ni Kí A Lò, Nígbà Wo Ni Kí A Lò Ó?

 Àwọn mìíràn yóò sọ ìtàn ilé-ìwé yìí fún yín. Ẹ̀kọ́ kékeré kan ni ti àwa olùkọ́ ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì, ohun tí ojú wa rí ni a sì ti kọ́ ọ.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, nígbà tí a ń múra sílẹ̀ de àbẹ̀wò àwọn òbí, a rán ọmọbìnrin méjì kí wọ́n lọ fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní ilé-ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin. Wọ́n da bílíìṣì sí i. Nígbà tí àbàwọ́n pupa tí ó wà níbẹ̀ kò lọ, wọ́n da oògùn ìfọlé-ìgbọ̀nsẹ̀ tí ó ní ásíìdì lé e lórí, kí ó lè tètè mọ́. Kò pẹ́ tí òórùn líle fi gba inú ilé, tí ojú ń ta wọ́n, tí ikọ́ kò sì jẹ́ kí wọ́n lè mí. Ẹni tí ó gbọ́ ikọ́ wọn ni ó fà wọ́n jáde. A gbé wọn lọ sí ilé-ìwòsàn, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ara àwọn méjèèjì yá. Ẹ̀bi náà kì í ṣe tiwọn. Àwa ni a fún wọn ní igo méjì láì fún wọn ní ẹ̀kọ́ kankan. Ìdí nìyí tí a fi kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Iṣẹ́ ọṣẹ

Kí bílíìṣì tó dé ọjà wa, àwọn ìyá wa ti ń fi eérú èèpo kòkó àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú àdín se ọṣẹ dúdú. Omi eérú àti epo ni ó para pọ̀ di ọṣẹ. Ọ̀nà kan náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń gbà ṣe é, àfi pé sóódà ni wọ́n ń lò dípò eérú. Orí kẹta ìwé wòlíì Málákì pàápàá mẹ́nu ba ọṣẹ afọṣọ.

Ẹyọ ọṣẹ tí ó kéré jù lọ ní orí àti ìrù. Ìrù rẹ̀ fẹ́ràn ọ̀rá, orí rẹ̀ fẹ́ràn omi. Ìrù a di ìdọ̀tí mú, orí a tẹ̀lé omi, gbogbo rẹ̀ a sì ṣàn lọ. Bákan náà ni ọṣẹ ń fa aṣọ ọ̀rá tí ó bo àwọn kòkòrò àrùn kan ya, irú bí èyí tí ó fa àrùn Kòrónà.

Iṣẹ́ bílíìṣì

Bílíìṣì, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní Hypo tàbí Jik, kì í ṣe ọṣẹ. Sodium hypochlorite ni ó wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pa kòkòrò àrùn àti láti pa àwọ̀ rẹ́. Ní 1847, dókítà kan tí ń jẹ́ Ignaz Semmelweis, ní ìlú Vienna, ní kí àwọn dókítà máa fi omi oògùn klorínì fọ ọwọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan aboyún. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, nǹkan bí ìyá 18 ni ó ń kú nínú 100. Ní oṣù kẹfà, kò ju nǹkan bí 2 lọ. Nígbà tí àrùn Ebola wọ Èkó ní oṣù keje ọdún 2014, omi klorínì wà lára ohun ìjà wa, títí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kéde ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá pé àrùn náà ti kúrò ní Nàìjíríà.

Ṣùgbọ́n bílíìṣì kò mọ ìyàtọ̀ láàrin kòkòrò àti ìdọ̀tí. Bí a bá dà á sí ilẹ̀ tí ó dọ̀tí, orí ìdọ̀tí ni agbára rẹ̀ yóò tán sí. Ọṣẹ ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú. Bí ó bá sì kan àdìrẹ tàbí aṣọ òfì, aró rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé náà

Bí bílíìṣì bá pàdé ásíìdì, gáàsì klorínì ni yóò jáde. Gáàsì yìí kan náà ni àwọn ọmọ-ogun Jámánì tú sí afẹ́fẹ́ ní Ypres ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin 1915, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti fínígà náà ní ásíìdì. Ìtọ̀ tí ó ti pẹ́ ní amóníà, òun náà sì ń di gáàsì olóró bí bílíìṣì bá kàn án; nítorí náà, ẹ fi omi púpọ̀ ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ná.

Ẹ kíyè sí i pé oògùn kejì tí àwọn ọmọ náà lò kò ní bílíìṣì nínú rárá. Pé nǹkan kò ní bílíìṣì kò sọ pé kò lè ṣe ènìyàn ní ibi.

Bí ó ṣe yẹ kí a lò wọ́n

1. Fún abọ́, tábìlì, ilẹ̀ àti aṣọ ojoojúmọ́, ọṣẹ, omi àti kànrìnkàn tó.

2. Bí àìsàn bá wọlé, tí èébì, ìgbẹ́ gbuuru tàbí ẹ̀jẹ̀ bá kan ilẹ̀, ẹ nù ún kúrò, ẹ fi ọṣẹ fọ ibẹ̀, kí ẹ tó lo bílíìṣì. Ẹ wo ara igo. Bí ó bá jẹ́ ìdá 3.5 nínú 100, ife 1 sí ife omi 6 ni fún irú ibi bẹ́ẹ̀. Ife 1 sí ife omi 34 ni fún ilẹ̀kùn àti tábìlì. Ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tó ṣan án.

3. Omi tútù ni kí ẹ fi pò ó, kí ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ sì lò ó tán lọ́jọ́ náà.

4. Ẹ má ṣe da oògùn méjì pọ̀ láé. Bí òórùn líle bá jáde, ẹ kọ́kọ́ sá sí ìta ná.

5. Ẹ má ṣe rọ ọ́ sínú ìgò omi tàbí ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Bí ọmọ bá mu ún, ẹ má fi ipá mú un bì, ẹ má sì fún un ní epo pupa. Ẹ fi omi ṣan ẹnu rẹ̀, kí ẹ gbé òun àti ìgò náà lọ sí ilé-ìwòsàn kíákíá.

Láti ọjọ́ náà, a ti yọ bílíìṣì kúrò nínú ohun tí a ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mú wá ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Olùkọ́ ni ó ń pò ó, inú yàrá tí a ń tì ni ó sì ń wà. Bí ẹ bá rin àyíká lónìí, tí ẹ sì rí i pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa mọ́, ọṣẹ, omi àti búrọ́ọ̀ṣì ni ó ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà.

Àwọn ọmọbìnrin méjì náà ti jáde ìwé. Wọ́n wà láàrin ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí. A kò dárúkọ yín, ṣùgbọ́n a ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín, a sì ń dúpẹ́ pé ẹ wà láyé láti gbọ́ ọ. Kí Olúwa máa pa ọmọ gbogbo wa mọ́. Àmín.