Kọ̀ǹpútà tó ń gbàgbé ọjọ́: ẹ yẹ bátìrì wò kí ẹ tó náwó

Oníṣòwò tó ń tẹ̀wé n'Ísúndúnrìn, lágbègbè Èjìgbò, tí kọ̀ǹpútà orí tábìlì rẹ̀ ń padà sí ọjọ́ àtijọ́ nígbàkigbà tí iná bá lọ, kò gbọdọ̀ sáré sanwó fún BIOS tuntun. Bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 inú rẹ̀ ló sábà máa ń kú, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

BIOS ló ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó dé. Bí iná bá lọ níbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ rẹ̀, kọ̀ǹpútà lè má tan mọ́, iṣẹ́ oníbàárà á há. Tó bá di dandan, UPS tó ṣì lágbára ni kó lò. Iná ìjọba kọ́! Kó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá ń lo BitLocker, kó kọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ oní-nọ́ńbà 48 sínú ìwé, torí Windows lè bèèrè rẹ̀ lẹ́yìn náà.