Wọ́n ń fi Lárúbáwá ṣèpàdé, mi ò sì gbọ́ ọ

Ìbéèrè: Yunifásítì kan ní Jẹ́dà, ní Sáúdí Arábíà, ni mo ti ń ṣèwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé. Èmi nìkan ni obìnrin aláwọ̀ dúdú ní láàbù wa. Lárúbáwá ni wọ́n fi ń ṣèpàdé, òru ni wọ́n sì máa ń fún mi láti lo ẹ̀rọ. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà, arábìnrin wa. Ó lè má jẹ́ ìkórìíra. Níbi tí kò bá ti sí ìlànà lákọsílẹ̀, àwọn tó ti mọ ara wọn tipẹ́ ló ń pín ohun tó dára láàrin ara wọn. Síbẹ̀, ìyà ni, ẹ má gbé e mì.

Ẹ bá ọ̀jọ̀gbọ́n yín sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí àkókò ẹ̀rọ máa yípo láàrin gbogbo yín, kí ẹnì kan sì máa kọ àbọ̀ ìpàdé ní Gẹ̀ẹ́sì. Yunifásítì KAUST ní Thuwal, ní àríwá Jẹ́dà, ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ tọkùnrin tobìnrin pọ̀ láti 2009. Ohun tí ẹ ń béèrè kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ yẹn.

Ẹ ò béèrè èyí, ṣùgbọ́n ó ká mi lára: kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti jọ kọ ọ́ sílẹ̀, orúkọ ta ni yóò wà lórí àpilẹ̀kọ.

Tó bá di ìfìbálòpọ̀-yọni-lẹ́nu, òfin ti wà lòdì sí i ní Sáúdí láti 2018. Tí ẹnikẹ́ni bá sì di ìwé ìrìnnà yín mú, ó ti kọjá ọ̀rọ̀ láàbù: ẹ gba ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ, tàbí kọ́ńsúlétì Nàìjíríà ní Jẹ́dà, pẹ̀lú gbogbo ímeèlì yín lọ́wọ́.