Àlejò Lójú, Kò Fi Ríran

Àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bí ẹ bá ń wá àlejò tí òwe yìí bá wí jù lọ, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú olóoru ni kí ẹ mú. Ó rí àwọn onílé tí wọ́n na gbalaja sábẹ́ igi dóńgóyárò láago kan ọ̀sán, ó ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Òun gbé ẹrù lé orí, ó kọrí sọ́jà.

Àwa ará Ìgbàyè, Òkukù, Ìnísà àti Ìkìrun kì í ṣe ẹni tí ń jókòó sójú kan. Láti ọdún 1912 tí ọkọ̀ ojú irin Èkó ti ń gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Kánò ni ọ̀nà Òkè Ọya ti là gbàràgadà fún wa. Àwọn mìíràn gba Gold Coast, tó di Gánà lẹ́yìn náà, lọ, títí ìjọba Busia fi lé àwọn àjòjì kúrò níbẹ̀ lọ́dún 1969. Lónìí, Niamey, Bàmákò, Jẹ́dà àti Dùbáì ni àwọn ọmọ ń dárúkọ. Bí wọ́n bá sì ń palẹ̀ mọ́, a máa ń bi wọ́n léèrè owó ọkọ̀, ilé tí wọn yóò dé sí, ẹni tí yóò mú wọn mọ iṣẹ́. Ẹni tí í bèèrè pé oṣù wo ni wọn yóò débẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Bẹ́ẹ̀, ìbéèrè yẹn gan-an ló yẹ kó ṣáájú.

“Ooru wo ni n kò rí rí?” Èsì tí ọmọ máa ń fọ̀ nìyẹn. Ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni yóò sọ pé kò sí oko tó tó ti baba òun. Ooru tiwa, oṣù kejì àti ìkẹta ló ń mú jù. Ó lè tó 35 °C lójú ọ̀sán, a ó máa ráhùn, a ó tẹ́ní síta lálẹ́, kò sì ní pẹ́ tí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi bá wa dá sí i. Ní ìlú Kayes, ní ìwọ̀-oòrùn Málì, 48.5 °C ni ooru dé ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin, ọdún 2024. Àwẹ̀ Ramadan ń lọ lọ́wọ́, iná mànàmáná ń ṣe ségesège. Ilé ìwòsàn Gabriel Touré ní Bàmákò ní òkú 102 ni àwọn kà láàárín ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ oṣù náà, ọ̀pọ̀ wọn sì ti lé ní ẹni 60 ọdún. Onílé ni wọ́n o. Wọn kì í ṣe àlejò.

Ohun tó ń tan ọmọ wa jẹ ni òógùn. Nílé, bó bá ṣiṣẹ́, ẹ̀wù á rin gbindin, ojú rẹ̀ ló fi ń rí i pé omi ń kúrò lára òun. Ẹ rántí amù ìyá àgbà. Omi inú rẹ̀ ń tutù nítorí pé díẹ̀díẹ̀ lomi ń yọ sára amọ̀ lóde, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ, ó sì ń gbé ooru inú amù lọ pẹ̀lú rẹ̀. Iṣẹ́ tí òógùn ń ṣe lára ènìyàn nìyẹn gẹ́lẹ́. Olùkọ́ kan ní Jigawa, Mohammed Bah Abba, fi ọgbọ́n yìí ki ìkòkò kan bọ inú òmíràn, ó da yanrìn tó tutù sáàárín wọn, ó sì di fíríìjì aláìníná. Ìgbá tó ń bàjẹ́ lọ́jọ́ kẹta ń wà nínú rẹ̀ títí di ọjọ́ 27. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Rolex lọ́dún 2000. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbígbẹ ni ìkòkò náà wà fún. Gbé e wá sí Ìgbàyè nínú òjò oṣù keje, kò ní fi bẹ́ẹ̀ tutù, torí pé afẹ́fẹ́ ti mu omi yó.

Nítorí náà, ẹ mọ irú ooru tí ẹ ń lọ bá. Ní Kánò, Sókótó tàbí Niamey ní oṣù kẹrin, afẹ́fẹ́ gbẹ fúrúfúrú. Òógùn á ti fò lọ kí ọwọ́ tó kàn án. Ọmọ náà á ní òun ò làágùn, nígbà tó sì jẹ́ pé bó bá bọ́ ẹ̀wù dúdú rẹ̀ lálẹ́, yóò rí ìlà funfun lẹ́yìn rẹ̀, lábíyá rẹ̀ àti létí fìlà: iyọ̀ ara rẹ̀ ni. Ní Dùbáì tàbí Jẹ́dà, tí òkun wà nítòsí, òdìkejì ni. Òógùn á ṣàn dé ẹsẹ̀, kò ní gbẹ, ara kò sì ní tutù. Ti àkọ́kọ́, omi mímu ni kí ẹ fi ṣọ́ra. Ti ìkejì, omi nìkan kò tó. Ẹ gbọ́dọ̀ máa wọ ibi tó ní ẹ̀rọ amúlétutù lóòrèkóòrè.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ara ènìyàn lè kọ́ ooru, ọjọ́ méje sí mẹ́rìnlá ló fi ń kọ́ ọ. Láàárín ìgbà náà, yóò kọ́ bí a ṣe ń tètè làágùn, yóò sì kọ́ bí a ṣe ń ṣọ́ iyọ̀ ná. Àjọ tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà sọ pé bí ooru bá pa òṣìṣẹ́ mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mẹ́ta nínú wọn ló kú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìmọ̀ràn wọn ni pé kí ẹni tuntun ṣe ìdá kan nínú márùn-ún iṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní, kó máa fi ìdá kan kún un lójoojúmọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀gá tó máa gbà bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Ẹ tètè dé ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́ nígbà náà, kí ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀ lówùúrọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹni tó wá ṣe Iléyá nílé, tó lo oṣù kan gbáko kó tó padà, ara rẹ̀ ti gbàgbé ẹ̀kọ́. Kó tún un bẹ̀rẹ̀.

Òfin wà tí ọmọ wa kì í mọ̀. Ní Dùbáì àti gbogbo UAE, láti ọjọ́ 15 oṣù kẹfà sí ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án, ọ̀gá kò gbọdọ̀ mú òṣìṣẹ́ ṣiṣẹ́ nínú oòrùn láti aago 12:30 sí aago 3. Ní Saudi, láti aago 12 sí aago 3 ni. Ẹ há a sórí kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Omi ò lọ́tàá, ṣùgbọ́n ó ní bí a ṣe ń mu ún. Bí òùngbẹ bá gbẹ yín, ó ti pẹ́. Nínú iṣẹ́ oòrùn, ìdajì píọ̀ wọ́tà ní gbogbo ogún ìṣẹ́jú ló dára; ẹ má jẹ́ kó tó odindi píọ̀ wọ́tà mẹ́ta láàárín wákàtí kan, torí omi lásán lápọ̀jù ń mú kí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ jù. Ìtọ̀ ni kí ẹ fi wò ó: bó bá mọ́, ó dára, bó bá pọ́n bí àgbo, ẹ jókòó kí ẹ mu sí i. Bí ẹ bá làágùn gidi, ẹ po omi oníyọ̀ tí àwọn nọ́ọ̀sì ń kọ́ àwọn ìyá ọlọ́mọ: omi mímọ́ lítà kan, ṣíbí tíì 6 ṣúgà, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kí èyí tí ẹ bù má ga kọjá etí ṣíbí. Ẹ jẹ́ kí bíà dúró. Omi tí ẹ rò pé ó fún yín, ó ń mú yín tọ̀ ọ́ jáde ni.

A kì í mọ ọ̀nà ilé ju onílé lọ. Àwọn Hausa tó na gbalaja sábẹ́ igi, tí ẹ ń pè ní ọ̀lẹ yẹn, ti parí ìdajì iṣẹ́ kí oòrùn tó le. Agbádá fífẹ̀ àti láwàní kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán: aṣọ tó tú sílẹ̀ ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rìn, èyí tó bo orí ń dá oòrùn dúró. Ọmọ wa á wọ jíǹsì tó fún mọ́tan, á ní òun gbáfẹ́.

Yàrá tún ń bẹ. Páànù tí kò ní sílìn nísàlẹ̀ yóò máa tú ooru oòrùn sínú yàrá lọ́sàn-án. Bí ẹ bá lè rí ilé amọ̀ nípọn, ẹ má fi ojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Fáànù dára, àmọ́ bí ooru bá kọjá 40 °C, afẹ́fẹ́ gbígbóná ló ń fẹ́ sí yín lára. Ẹ rẹ aṣọ sínú omi, kí ẹ fi bora. Ẹ má sì há mọ́ra nínú yàrá kan bí ẹja inú páálí. Àrùn yírunyírun, èyí tí ń mú ọrùn gan, ń jà ní Òkè Ọya nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lọ́dún 1996 ó pa ènìyàn tó lé ní 11,000 ní Nàìjíríà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà. Ẹ gbà á kí ẹ tó lọ.

Bí ẹ̀fọ́rí, òòyì, èébì tàbí pàjápàjá bá mú yín, ẹ wọ ibòji, ẹ tú aṣọ, ẹ mu omi oníyọ̀. Èyí tó burú ni pé kí ènìyàn máa sọ ìsọkúsọ, kó máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, kí ara rẹ̀ gbóná janjan. Kì í ṣe ibà, kì í ṣe ọwọ́ ayé. Ooru ti wọ̀ ọ́ lágbárí, ó sì lè pa á kí ilẹ̀ tó ṣú, ì báà máa làágùn tàbí kó má làágùn. Ẹ da omi lé e láti orí dé ẹsẹ̀, ẹ máa fẹ́ ẹ, ẹ fi yìnyín sí ọrùn, abíyá àti ibi tí itan ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹlòmíràn máa wá ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Parasitámọ́ọ̀lù kò ràn án. Bí kò bá mọ ara rẹ̀ mọ́, ẹ má rọ omi sí i lẹ́nu.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá tó ń lọ sí Mẹ́kà náà ń gbọ́. Ní Hájì ọdún 2024, ooru tó 51.8 °C ní Mọ́sáláṣí Àgbà, ìjọba Saudi sì kéde pé ènìyàn 1,301 ló kú. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò ní ìwé àṣẹ, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rin ọ̀nà jíjìn láìsí ibòji. Ẹ sá fún ẹni tó ní òun lè mú yín gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Bọ́jọ́ orí bá ti ga, òùngbẹ kì í tètè gbẹni mọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ọmọdé kan máa rán yín létí omi. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó máa ń múni tọ̀, kó lọ bá dókítà rẹ̀ ṣáájú ìrìn àjò, kó bi í bóyá wọ́n á dín in kù nínú ooru, kó sì jẹ́ kó kọ orúkọ oògùn náà sínú ìwé tí yóò wà lápò rẹ̀.