Iná Bíréèkì Mi Kì Í Kú Mọ́

ÌBÉÈRÈ

Olùkọ́ ni mí ní Ìbàdàn. Honda Accord 2004, èyí tí wọ́n ń pè ní End of Discussion, ni mò ń wà. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí iná bíréèkì rẹ̀ kì í kú. Mo pa mọ́tò, mo yọ kọ́kọ́rọ́, mo ti ilẹ̀kùn, iná ṣì ń tàn. Aládùúgbò wa ló kọ́kọ́ pè mí lóru. Tó bá di àárọ̀, bátìrì á ti kú, n ó wá máa bẹ onímọ́tò kiri kó wá fún mi ní iná. Mo ra bátìrì tuntun, òun náà tún kú. Ríwáyà kan ní kí n jẹ́ kí òun gé wáyà iná náà, kí n lè sinmi. Ṣé kí n gbà fún un?
Màmá Táíwò, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Màmá Táíwò, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àmúmọ́ra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó gé e.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun mọ́, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí kápẹ́ẹ̀tì ibi tí ẹ ń gbé ẹsẹ̀ lé tí ẹ bá ń wakọ̀. Ẹ má tíì gbá ibẹ̀ o. Bí ẹ bá rí èérún rọ́bà gbígbẹ, èyí tó ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ ti tẹ olè tó ń jẹ bátìrì yín.

Lókè pẹ́dà bíréèkì, súwíìṣì kékeré kan wà tí ọ̀pá rẹ̀ yọ síta bí ẹnu báírò. Nígbà tí ẹsẹ̀ yín kò bá sí lórí bíréèkì, irin pẹ́dà á ti ọ̀pá náà wọlé, iná á kú. Ẹ tẹ bíréèkì, irin á kúrò lára rẹ̀, ọ̀pá á ta jáde, iná á tàn. Ṣùgbọ́n ihò ni ó wà lára irin náà níbi tí ọ̀pá ti ń kàn án, rọ́bà kan tí kò ju bọ́tìnnì aṣọ lọ ni wọ́n fi dí i. Ogún ọdún nínú ooru, rọ́bà á gbẹ, á fọ́, á já bọ́. Ọ̀pá á wá wọ inú ihò lọ, mọ́tò á sì máa rò pé ẹsẹ̀ yín wà lórí bíréèkì tọ̀sán-tòru.

Ẹ dán an wò. Kí ọmọ kan dúró lẹ́yìn mọ́tò, kí ẹ na ọwọ́ sókè lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, kí ẹ fi ìka tẹ ọ̀pá súwíìṣì náà wọlé. Bí iná bá kú, súwíìṣì kò ní ẹ̀bi, rọ́bà ni kí ẹ wá. Bí kò bá kú, súwíìṣì fúnra rẹ̀ ló bàjẹ́.

Bátìrì tuntun tí ẹ rà kò ṣẹ̀. Gílóòbù bíréèkì kan jẹ́ 21 watt. Méjì jẹ́ 42, èyí tí ó ń fa amp 3.5 lára bátìrì onífólítì 12. Láti aago méje alẹ́ di méje àárọ̀, ó ti fa amp-hour 42, a ò sì tíì ka èyí tó wà níbi gíláàsì ẹ̀yìn. Bí bátìrì yín bá jẹ́ amp-hour 60, kí ló kù tí yóò fi ta ẹnjíìnì?

Ohun kan wà tó ń bà mí lẹ́rù ju bátìrì lọ. Jíà yín tí kì í kúrò ní P àfi tí ẹ bá tẹ bíréèkì, bí nǹkan ṣe wà yìí, bí kọ́kọ́rọ́ bá ti wà ní ON, ọmọdé lè fà á láìfi ẹsẹ̀ kan nǹkan kan. Ẹ má ṣe fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò pẹ̀lú àwọn ìbejì.

Ní ti wáyà gígé, mo ti tún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe rí. Dánfó ló gbá a nídìí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Awakọ̀ dánfó náà ń búra pé òun kò rí iná kankan, òótọ́ ló sì ń sọ.

Ẹ lọ sí ọjà Àràrọ̀mí ní Gate, ẹ béèrè rọ́bà pẹ́dà bíréèkì Accord. Ẹ mú èérún tí ẹ rí dání. Ẹ má gba tòkunbọ̀ rẹ̀, òun náà ti gbẹ. Bí ẹ kò bá rí i lọ́jọ́ náà, kí mẹkáníìkì ki bóòtù kúkurú bọ ihò náà, kí orí rẹ̀ kọjú sí súwíìṣì, kí ó sì fi nọ́ọ̀tì méjì há a pinpin kí ó má baà já sábẹ́ pẹ́dà. Títí di ìgbà náà, ẹ máa yọ orí bátìrì lálaalẹ́.

Ẹ̀yin tí iná bíréèkì tiyín kì í tàn rárá, ẹ kọ́kọ́ wo fíúsì tí wọ́n kọ STOP sí. Bí jíà bá tún kọ̀ láti kúrò ní P, súwíìṣì yìí kan náà ni kí ẹ fura sí. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni kò tàn? Gílóòbù ni, tàbí ibi tó jókòó sí ti dípẹtà.

Màmá Táíwò, tí wọ́n bá ti fi rọ́bà sí i, ẹ dúró di alẹ́, kí ẹ fi ẹ̀yìn mọ́tò kọ ògiri. Ẹ tẹ bíréèkì, kí ẹ wo dígí. Ògiri á pọ́n. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò, á ṣókùnkùn.