Bí Wọ́n Ṣe Ń Yan Ọmọ Sínú NFL: Ohun Tó Yẹ Kí Òbí Mọ̀

Nílé, bí wọ́n bá ní ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ la mọ̀. Níhìn-ín ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọmọ á ti ilé ìwé dé pẹ̀lú akoto lọ́wọ́, á ní fúbọ́ọ̀lù tiwọn lòun ń gbá. Kò ní pẹ́ tí fóònù á fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún, tí àwọn tí a kò mọ̀ rí á máa béèrè ìyá àti bàbá.

Bàbá kan wá bá wa ní ọ́fíìsì. Ọkùnrin kan ti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun á gbé fídíò ọmọ rẹ̀ síwájú àwọn tó ń yan ènìyàn fún NFL. Ọmọ ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọdún kìíní ní yunifásítì ni. Owó lọ, ọkùnrin náà lọ. Ká ní bàbá yìí mọ bí ètò náà ṣe ń lọ ni, kò ní san kọ́bọ̀. Ìdí nìyí tí a fi kọ ẹ̀kọ́ yìí.

1. Kí ni draft?

Lọ́dọọdún, ní ìparí oṣù kẹrin, ẹgbẹ́ 32 tó wà nínú NFL máa ń pín àwọn ọmọ yunifásítì láàárín ara wọn ní ìpele 7. Ọdún 1936 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ṣe burúkú jù lọ́dún tó kọjá ló ń kọ́kọ́ yan, àfi tó bá ti fún ẹlòmíràn ní ipò rẹ̀. Gbogbo ọmọ tí wọ́n ń yàn kò ju nǹkan bí 260 lọ. Ó sì gbọ́dọ̀ pé ọdún 3, ó kéré tán, tí ọmọ ti jáde ilé ìwé girama kí wọ́n tó lè yàn án. Ẹ ò rí i pé ọmọ ọdún kìíní kò tíì sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá.

Àjọ NCAA fúnra rẹ̀ sọ pé nínú 100 ọmọ yunifásítì tí àkókò wọn tó, àwọn tó ń dé NFL kò pé 2.

2. Iṣẹ́ àwọn scout

Gbogbo ẹgbẹ́ ló ní àwọn tó ń wá àgbábọ́ọ̀lù kiri, agbègbè agbègbè ni wọ́n pín wọn sí. Láti oṣù kẹjọ ni wọ́n ti ń lọ láti yunifásítì kan sí èkejì. Wọ́n á wo fíìmù ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdíje, kì í ṣe ẹyọ kan. Wọ́n á wo bí ọmọ ṣe ń ṣe nígbà ìgbaradì tí kò sí èrò ìwòran. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bi kóòṣì, ẹni tó ń tọ́jú ìpalára, àti àwọn tó ń mójú tó ẹ̀kọ́ rẹ̀ léèrè: Ṣé ó máa ń tètè dé? Ṣé ó ń gbọ́ ìbáwí? Wọ́n á kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á fún un ní máàkì, ọ̀gá wọn á sì tún lọ fojú ara rẹ̀ rí i.

Ẹgbẹ́ wọn ló ń san owó ọ̀nà wọn. Scout ẹgbẹ́ NFL kì í gba owó lọ́wọ́ òbí. Ẹni tó bá béèrè owó kì í ṣe ara wọn.

3. Ìdánwò

Ní ìparí oṣù kejì, wọ́n máa ń pe àwọn ọmọ tó lé ní 300 sí Indianapolis fún Combine. Wọ́n á wọn gíga, ìwúwo, gígùn apá, títí dé ìbú àtẹ́lẹwọ́. Ọmọ á sáré 40 yáàdì, á fò, á gbé irin 225 pọ́n-ùn léraléra. Àwọn dókítà á yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ á sì fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ní oṣù kẹta, wọ́n tún ń ṣe irú rẹ̀ ní yunifásítì kálukú, wọ́n ń pè é ní pro day.

Ìlera ló jù. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, David Ojabo, tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tó sì dàgbà ní Scotland, já iṣan gìgísẹ̀ níbi pro day Michigan. Wọ́n ti ń dárúkọ rẹ̀ mọ́ ìpele kìíní tẹ́lẹ̀. Ìpele kejì, ipò 45, ni Baltimore Ravens ti mú un. Bí ipò sì ṣe ń lọ sẹ́yìn ni owó ń dín kù.

4. Àwọn ọmọ tó ń jẹ́ orúkọ wa

Adetomiwa Adebawore láti Northwestern wọn 282 pọ́n-ùn, síbẹ̀ ó sáré 40 yáàdì ní ìṣẹ́jú àáyá 4.49 ní Combine 2023. Ẹnu ya gbogbo ayé. Ìpele kẹrin, ipò 110, ni wọ́n ti yàn án. Eré sísá nìkan kọ́.

Olusegun Oluwatimi gba ẹ̀bùn Outland Trophy ní Michigan lọ́dún 2022. Ìpele karùn-ún, ipò 154, ló bọ́ sí. Ẹ̀bùn nìkan kọ́.

Olu Fashanu ti Penn State ì bá ti lọ lọ́dún 2023, wọ́n sì ń sọ pé ìpele kìíní ni. Ó padà sí yunifásítì fún ọdún kan sí i. Lọ́dún 2024, New York Jets mú un ní ipò 11. Sùúrù kò ba nǹkan rẹ̀ jẹ́.

5. Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó

Iṣẹ́ ìṣirò la kọ́, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọmọ tí wọ́n bá yàn máa ń fọwọ́ sí àdéhùn ọdún 4. Lọ́dún 2025, owó tó kéré jù fún ẹni tuntun jẹ́ $840,000. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yọ ọ́ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, owó oṣù yẹn lè má dé ọwọ́ rẹ̀. Owó ìfọwọ́síwèé àti èyí tí àdéhùn bá fi dá a lójú ni kó gbẹ́kẹ̀ lé.

Agent gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ NFLPA, kò sì gbọ́dọ̀ gbà ju 3 nínú 100 lọ lórí àdéhùn náà. Lórí $840,000, $25,200 nìyẹn. Bó bá béèrè jù bẹ́ẹ̀, ẹ dìde.

Láti oṣù keje ọdún 2021, ọmọ yunifásítì lè gbowó lórí orúkọ àti àwòrán rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọn kì í yọ owó orí kúrò nínú rẹ̀. Bí èrè ọdún kan bá ti tó $400, owó orí aṣiṣẹ́-fúnra-ẹni ti wọ̀ ọ́. Bó bá gba $10,000, kó kó $3,000 sí àkáǹtì ọ̀tọ̀ títí ìjọba á fi béèrè. Ọmọ tó bá sì wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ F-1 kò gbọ́dọ̀ gba irú owó yìí láì kọ́kọ́ rí lọ́yà ìwé ìgbélùú. Àṣìṣe kan lè ba físà jẹ́.

6. Ohun tí ẹ ó ṣe

Bí ọmọ bá fẹ́ lọ kó tó gboyè, ẹ ní kí kóòṣì rẹ̀ kọ̀wé sí College Advisory Committee ti NFL. Wọ́n á sọ fún un bóyá ó tó ìpele kìíní, ìpele kejì, tàbí kó padà sí kíláàsì. Ẹ rí i pé oyè ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń lọ déédéé. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan lójú ẹsẹ̀, kódà bí aládùúrà ìjọ yín bá ló mú agent wá.

Ọmọ lè ga jù wá lọ, kó sì lágbára jù wá lọ. Àmọ́ bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ mú ìwé wá kí ẹ tó fọwọ́ sí i. A ó bá yín kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ọlọ́run á bá wa tọ́ wọn o.