Ẹ Má Da Omi Lé Rọ́ọ̀gì Tí Wọ́n Lẹ̀ Mọ́lẹ̀

LẸ́TÀ: Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí a ti fi rọ́ọ̀gì sí pálọ̀ wa. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ sìmẹ́ńtì láti igun dé igun. Ó ti dọ̀tí gan-an. Ìyá ọkọ mi ní kí n da omi ọṣẹ lé e, kí n fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó. Ọkọ mi ní ká pe àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́ wá láti Ìbàdàn. Aládùúgbò mi ní páúdà kan wà tí wọ́n ń wọ́n sí i. Àbíkẹ́yìn mi sì máa ń wúkọ́ lóru. Èwo ni kí n ṣe? — Ìyàwó Ilé, Tákìé, Ogbómọ̀ṣọ́.

ÌDÁHÙN: Ìyàwó wa, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ẹ fi ọ̀wọ̀ gbọ́ ti ìyá ọkọ yín, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é. Ìyá ò purọ́ o. Ohun tí wọ́n ń fọ̀ nígbà tiwọn ṣeé ká ni: ẹní àti rọ́ọ̀gì kékeré tí wọ́n á gbé jáde síta, tí wọ́n á sá sórí ògiri, tí oòrùn á pa á tojú tẹ̀yìn. Tiyín ò ní ẹ̀yìn tí oòrùn lè rí. Omi tí ẹ bá dà lé e á wọlẹ̀ lọ bá gọ́ọ̀mù nísàlẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì jókòó sí. Bí ó bá fi lé ní ọjọ́ kan sí méjì láìgbẹ, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bu, pálọ̀ á sì máa rùn bí aṣọ tí wọ́n ká lómi sínú àpótí. Ọṣẹ náà tún ní tirẹ̀. Èyí tí a kò bá ṣàn kúrò á máa lẹ̀ mọ́ òwú rọ́ọ̀gì, á sì máa di eruku mú. Ìdí nìyẹn tí rọ́ọ̀gì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ fi máa ń tètè dọ̀tí.

Ikọ́ ọmọ yẹn ló ká mi lára jù. Kòkòrò kan ń gbé inú eruku ilé, ojú lásán kò lè rí i, èépá tó ń bọ́ lára wa ló ń jẹ. Ibi tó bá lọ́rinrin ló ti ń bí sí i. Ìgbẹ́ rẹ̀ tó ń bá eruku fò ló máa ń mú kí àwọn ẹlòmíràn máa wúkọ́, tí èémí wọn á máa há. Ẹni tó bá rọ omi sí rọ́ọ̀gì tí kò lè gbẹ, òun gan-an ló ń sin kòkòrò yẹn. Ìgbálẹ̀ náà ò sì ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀, ńṣe ló ń gbé eruku náà dìde. Ikọ́ irú èyí náà ló bí ẹ̀rọ tó ń fa eruku tí àwọn èèyàn ń lò nílé: James Murray Spangler, tó ń tún ilé ìtajà ńlá kan ṣe ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, ni eruku rọ́ọ̀gì ń dà láàmú ní èémí. Ó fi mọ́tò fáànù, igi ìgbálẹ̀ àti àpò ìrọ̀rí ṣe ẹ̀rọ kan. Wọ́n fún un ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní ọdún 1908, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Hoover sì ra ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, irú ẹ̀rọ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, ẹ̀báà jẹ́ èyí tí ẹ yá. Ẹ máa fà á lórí rọ́ọ̀gì díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, nígbà tí ọmọ kò bá sí ní pálọ̀. Bí ẹ ò bá ní in, ẹ gbàgbé páúdà aládùúgbò yín, nítorí páúdà tí a kò fà jáde, eruku ni òun náà.

Ọkọ yín gba ọ̀nà tó dára, àsìkò ló kù. Ẹ̀rọ àwọn ará Ìbàdàn yẹn ń fọ́n omi gbígbóná sí rọ́ọ̀gì, ó sì ń fà á padà lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò ń rọ̀ lọ́wọ́ báyìí, ilé ò lè gbẹ. Ẹ ní sùúrù di ìparí oṣù Èrèlé, tí ọyẹ́ ti da eruku tirẹ̀ sílẹ̀ tán, tí òjò àkọ́rọ̀ kò tíì dé. Láti Ọ̀yọ́ dé Ogbómọ̀ṣọ́, nǹkan máa ń tètè gbẹ nígbà náà. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní jẹnẹrétọ̀ tiwọn. Bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán, ẹ ní kí wọ́n tún fà á láìfọ́n omi. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ funfun tẹ̀ ẹ́. Bí aṣọ náà bá rin gbindin, iṣẹ́ ò tíì parí, ẹ má tíì sanwó.

Bí epo ọbẹ̀ bá sì dà sí rọ́ọ̀gì náà, ẹ wọ́n fúláwà lé e, ẹ jẹ́ kó mu epo náà, kí ẹ tó gbá a kúrò. Ẹ wá fi aṣọ tó ní ọṣẹ ìfọwo díẹ̀ máa tẹ̀ ẹ́ láti etí wá sí àárín. Ẹ má fi jíìkì kàn án, àwọ̀ rẹ̀ á lọ.

Kí ẹ tó náwó kankan ṣá, ẹ ṣí igun kan wò. Bí ìsàlẹ̀ bá ti dúdú, tó ń rùn, kò sí ẹ̀rọ tó lè gbà á là. Ẹ ya á dànù, kí ẹ ra èyí tó ṣeé ká. Bí ọmọ tó ń wúkọ́ yẹn bá ń sùn lórí rọ́ọ̀gì, kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láti alẹ́ òní. Ẹ má sì dúró de oṣù Èrèlé kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà: ilé ìwòsàn Bowen wà ní ìlú yín níbẹ̀.