Óòtì, Ògì àti Òkèlè Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Ìsanra

Àpòlúkù àgbàlagbà lè gba oúnjẹ tó lítà kan, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹnì kan bá sanra débi tí ìsanra náà ti di àìsàn sí i lára, dókítà lè fi iṣẹ́ abẹ sọ àpòlúkù rẹ̀ di kékeré. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní sleeve, wọ́n á gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpòlúkù dànù. Ohun tó bá ṣẹ́ kù á rí gbọọrọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní bypass, wọ́n á pààlà sí òkè àpòlúkù kí ó di àpò kékeré tí kò gbà ju ṣíbí ìjẹun méjì lọ, wọ́n á sì so àpò náà mọ́ ìfun kékeré. Ọdún 1966 ni Dókítà Edward Mason bẹ̀rẹ̀ irú èyí ní Yunifásítì Iowa lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìpele-ìpele ni oúnjẹ máa ń bá wọlé. Omi àti omi ẹran tí wọ́n ti sẹ́ ni ti ọjọ́ kìíní àti ìkejì. Wàrà àti ohun mímu mìíràn á tẹ̀ lé e títí di bí ọ̀sẹ̀ méjì. Oúnjẹ lílọ̀ ló kàn, lẹ́yìn náà oúnjẹ rírọ̀. Ó máa ń tó oṣù méjì kí oúnjẹ gidi tó dé. Ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ló ní ìlànà tirẹ̀. Ti èyí tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Iyán, ẹ̀bà, ìrẹsì, búrẹ́dì àti ògì, oúnjẹ afáralókun ni gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni óòtì, ọkà ilẹ̀ òtútù tí wọ́n máa ń tẹ̀ pẹlẹbẹ kí wọ́n tó tà á. Ìgbà oúnjẹ lílọ̀ ló sábà máa ń wọlé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí oúnjẹ bá ti rọ̀, wàhálà ti tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Óòtì inú ọ̀rá kékeré tí wọ́n ti da ṣúgà sí rọ̀ dáadáa, síbẹ̀ òun gan-an ló lè dá wàhálà sílẹ̀. Èyí tí kò ní àdàlù ni kí ẹ rà. Ẹ sè é títí yóò fi rọ̀, ẹ po mílíìkì tí kò ní ṣúgà mọ́ ọn, kí ẹ sì fi ṣíbí kékeré jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nínú gíráàmù 40 óòtì gbígbẹ, èròjà afáralókun tó bíi gíráàmù 27, tí 4 nínú rẹ̀ jẹ́ fáíbà. Amúaradàgbà ibẹ̀ kò ju bíi gíráàmù 5 lọ. Gíráàmù 60 sí 80 amúaradàgbà ni wọ́n sì sábà máa ń ní kí ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ yìí jẹ lójúmọ́. Nítorí náà, ẹyin, ẹja tàbí ẹ̀wà ni kí ó kọ́kọ́ wọlé. Bí àyè bá kù, kí óòtì tẹ̀ lé e.

Síbẹ̀, óòtì sàn ju ògì lọ. Fáíbà inú rẹ̀ ló ń mú un fà, fífà yẹn kì í sì í jẹ́ kí ṣúgà sáré wọnú ẹ̀jẹ̀. Ti ògì ńkọ́? Nígbà tí ẹ bá ń sẹ́ ògì, inú èèrí tí ẹ kó fún ẹran ni fáíbà wà. Ewúrẹ́ ló jẹ ibi tó dára jù. Bí ẹ bá fẹ́ mu ẹ̀kọ, ẹ má fi ṣúgà sí i. Ẹ kọ́kọ́ jẹ mọ́ínmọ́ín, kí ẹ sì dúró fún bí ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó mu ẹ̀kọ náà, nítorí àpò kékeré yìí kò ní àyè fún oúnjẹ àti ohun mímu lẹ́ẹ̀kan náà.

Àpòlúkù tí Ọlọ́run dá ní ilẹ̀kùn nísàlẹ̀, tó ń jẹ́ kí oúnjẹ kọjá díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn bypass, oúnjẹ kì í gba ilẹ̀kùn yẹn mọ́. Bí ṣúgà bá ya wọ ìfun lẹ́ẹ̀kan, ìfun á fa omi láti inú ẹ̀jẹ̀ wá bá a. Láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 30, inú á máa lọ́ ènìyàn, àyà rẹ̀ á máa lù kì kì, òógùn á bò ó, òòyì á máa kọ́ ọ. Ìgbẹ́ gbuuru lè tẹ̀ lé e. Dumping ni àwọn dókítà ń pè é. Òmíràn máa ń dúró di wákàtí kan sí mẹ́ta: ara ti tú ínsúlíìnì sílẹ̀ jù, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀, ènìyàn á máa gbọ̀n, ebi á sì máa pa á. Ará ilé lè ní ọwọ́ ayé ni. Ọwọ́ ṣúgà ni. Ó lè ṣe ẹni tó ṣe sleeve náà, ṣùgbọ́n ó wọ́pọ̀ jù lẹ́yìn bypass.

Ọ̀rọ̀ òkèlè ló le jù fún àwa. A kì í rún iyán lẹ́nu. A máa ń gbé e mì ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà nínú àpò kékeré yìí tóóró. Òkèlè ẹ̀bà tàbí fùfú tí a kò rún lè há síbẹ̀, àyà á máa dun ènìyàn, itọ́ á máa hó lẹ́nu, títí yóò fi bì. Gààrì tún máa ń wú bó bá pàdé omi. Búrẹ́dì rírọ̀ máa ń dì mọ́ra. Èyí tí wọ́n yan gbẹ rọrùn jù ú lọ. Lọ́jọ́ tí dókítà bá fọwọ́ sí òkèlè, kí ó má ju orí ìka kékeré lọ, kí ẹ rún un kúnná, lẹ́yìn tí ẹja àti ẹ̀fọ́ bá ti wọlé. Ìyá ọkọ lè ní, "O ti rù jù, tún jẹ díẹ̀ sí i." "Ẹ ṣé mà, mo ti yó," ni kí ẹ fi dá wọn lóhùn. Bí wọ́n bá bínú, inú wọn á rọ̀.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù kì í há ẹnikẹ́ni lọ́fun. Bísíkíìtì àti ṣinṣín á yọ́ lẹ́nu, wọ́n á sì kọjá wọ́ọ́rọ́. Ènìyàn lè jẹ odindi páálì kan láàárín òwúrọ̀ sí ìrọ̀lẹ́ láìyó, kí ìsanra sì máa padà bọ̀. Ẹran àti ẹ̀wà máa ń pẹ́ nínú àpò, wọ́n sì ń jẹ́ kí ènìyàn mọ̀ pé òun ti yó. Mi ò kúkú fara mọ́ àwọn tó ní kí a má fẹnu kan afáralókun mọ́ láéláé: ìgbẹ́ líle wọ́pọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí, fáíbà inú óòtì àti ẹ̀wà sì wúlò fún un.

Bí omi pàápàá kò bá dúró nínú yín, ẹ má ṣe dúró nílé, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ. Èébì léraléra lè mú kí fítámì B1 tán lára, èyí sì lè ba ọpọlọ jẹ́. Ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí dókítà tún ìwọ̀n oògùn rẹ̀ wò kí ó tó kúrò nílé ìwòsàn, nítorí ìwọ̀n tó ń lò nígbà tó ń jẹ àwo ẹ̀bà ńlá lè já ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀ jù, nísinsìnyí tó jẹ́ ṣíbí óòtì mẹ́ta ló ń jẹ.